Nọ́ńbà Mọ́kànlá Lára Ilẹ̀kùn

Owú tí ọkùnrin ń jẹ lórí ìyàwó rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èyí tí Onígíláàsì ń jẹ yàtọ̀. Kò sí ọkùnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ni Onígíláàsì ń jowú, nítorí pé obìnrin náà mọ ọkọ̀ wà jù ú lọ, nínú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀.

Ọkọ̀ eré ìdárayá ni ọkọ̀ náà, ó kéré, èèyàn méjì péré ló ń gbà, ó sì ti dàgbà ju ìgbéyàwó wọn lọ. Nígbà tí Onígíláàsì kọ́kọ́ rí i, koríko ti hù gba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ológbò sì ti bímọ sórí àga rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi tún un ṣe, ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gé gíláàsì ojú. Ó kùn ún ní pupa. Ó wá gbé e lọ sí pápá kọnkéré ńlá tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ti kógbá sílé, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ti máa ń díje ní Sátidé kan lóṣù.

Ìdíje ọ̀hún kò le. Wọ́n á to kóònù aláwọ̀ ọsàn sílẹ̀, wọ́n á fi ṣe ọ̀nà tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á dá sáré gba ibẹ̀ kọjá, aago á máa ka tiẹ̀. Ẹni tó bá kan kóònù kan, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì kún àkókò rẹ̀. Ní ìparí ọdún, wọ́n á ro máàkì gbogbo oṣù pọ̀, wọ́n á fún ẹni tó bá ṣáájú ní ife kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju kọ́ọ̀bù tí a fi ń mu tíì lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni Onígíláàsì ti ń lé ife yìí, kò sì tíì bá a.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló ní kí ìyàwó òun náà wá gbìyànjú, kó má baà máa dá jókòó sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí i létí. Ìyàwó náà, Oníbúrẹ́dì, obìnrin kúkúrú tí ìyẹ̀fun kì í tán lára ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, wọ inú ọkọ̀, ó fa àga síwájú, ó béèrè èwo ni bíréèkì. Lọ́dún àkọ́kọ́, òun ló kẹ́yìn. Lọ́dún kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọkọ rẹ̀. Lọ́dún yìí, ó ti kọjá rẹ̀.

Ká ní ọkọ̀ mìíràn ló ń wà, Onígíláàsì ì bá sọ pé ọkọ̀ yẹn ló yá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni, táyà kan náà, epo kan náà. Bí ọ̀kan bá bọ́ sílẹ̀ tí èkejì wọlé, ohun méjì péré ló ń yí padà: ibi tí àga wà, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi òòfà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Méje ni ti ọkọ, mọ́kànlá ni ti ìyàwó.

Tẹ́lẹ̀, "Ìyàwó Onígíláàsì" ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní pápá. Lọ́jọ́ ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, ẹnì kan tó ń wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí nahùn sí Onígíláàsì pé, "Ọkọ Oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún díẹ̀!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sún ọkọ̀, ó sì dé ilé kò lè sùn.

*

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, ní ọ̀sán gangan, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lọ bá Bàbá Aláago.

Gbogbo èèyàn ló ń gbé aago lọ tún ṣe lọ́dọ̀ bàbá yìí. Àwọn díẹ̀ ló mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan mìíràn. Aago tó wà lára ògiri yàrá rẹ̀ lé ní ogójì, kò sì sí méjì tí ohùn wọn ṣọ̀kan. Èyí ń wí pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, èyí ń wí pé oòrùn ti wọ̀. Gbogbo wọn ń ṣe ká-ká-ká, bí ìgbà tí kòkòrò ń jẹ igi.

"Ẹ káàsán, bàbá."

"Ṣé aago ni, àbí èkejì?"

"Èkejì ni, sà."

Bàbá Aláago yọ gíláàsì ojú rẹ̀, èyí tí Onígíláàsì fúnra rẹ̀ gé fún un. "Ta ni?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ó ń yan àlè?"

"Rárá o."

"Ó ń bú ẹ? Ó ń lù ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó ń sáré jù mí lọ."

Bàbá Aláago rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tó dákẹ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Orúkọ wo ni wọ́n ń pè é lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń sáré?"

"Wọn kì í pe orúkọ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Mọ́kànlá."

"Nọ́ńbà náà la máa pè nígbà yẹn. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn nọ́ńbà mọ́kànlá lọ́jọ́ náà, ọ̀nà á kúrò lójú rẹ̀."

"Ọjọ́ yẹn nìkan ni, àbí, sà?"

"Aago ni mò ń tún ṣe," ni bàbá wí. "N kì í tún ojú ṣe. Ohun tó bá lọ ti lọ nìyẹn."

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn Onígíláàsì. Ó lè dìde kó máa lọ. Ó tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ohùn tó pè é ní Ọkọ Oníbúrẹ́dì ṣì ń dún létí rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga.

Bàbá Aláago gbé nǹkan kékeré kan ka orí tábìlì, ohun tí wọ́n fi awọ dì, tí wọ́n fi òwú dúdú yí ká. Bó ṣe kan tábìlì, aago kan dákẹ́. Èkejì dákẹ́. Ní kété lẹ́yìn náà, gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́, Onígíláàsì sì ń gbọ́ bí ọkàn ara rẹ̀ ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn tún bẹ̀rẹ̀.

"Gbé e sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Má fi ọwọ́ lásán kàn án. Láti òní títí di ọjọ́ yẹn, o ò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tí ọwọ́ ìyàwó rẹ bá pò."

"Búrẹ́dì ló ń ṣe, sà. Òun la máa ń jẹ."

"O gbọ́ mi," ni Bàbá Aláago wí, ó sì fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú.

*

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, orí búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú ààrò, ọkọ ló ni ín. Oníbúrẹ́dì á gé e, á fi bébà dì í, á sì gbé e sórí tábìlì fún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ ní inú ń run òun. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti jẹun. Lọ́jọ́bọ̀, obìnrin náà lọ da ilẹ̀ nù lẹ́yìnkùlé, ó bá orí búrẹ́dì mẹ́ta nínú garawa. Bébà tó fi dì wọ́n ṣì wà lára wọn, kò sí èyí tó ní ojú eyín.

Ó yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ìdí tí ọkọ òun fi ń purọ́.

Ìyẹ̀fun tó pò kò sì wú mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó pààrọ̀ ìwúkàrà, ó pààrọ̀ omi, ó kàn ń sùn sílẹ̀ nínú agbada pẹlẹbẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ yẹn náà, ó ti ilé búrẹ́dì jáde, ó yà ní kọ̀rọ̀ tó ti ń yà fún ọdún mọ́kànlá, ó sì dúró lójijì. Ó mọ ilé tó wà níwájú rẹ̀. Ó mọ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ mọ́ ni bí èèyàn ṣe ń ti ibi tí òun wà dé ibẹ̀. Ó di ògiri mú. Lẹ́yìn èémí bíi mẹ́wàá, ọ̀nà padà sójú rẹ̀, òógùn sì ti bò ó.

Kò lọ sílé mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló gbà lọ, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, tó sì mọ ohun tí àwọn oníṣègùn ọsibítù kì í kọ sínú ìwé.

"Màmá, ẹ bá mi wo ara mi."

Agbẹ̀bí náà jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì pa ojú dé. Nígbà tó là á, ojú náà ti yí padà.

"Wọn ò pe orúkọ rẹ. Nọ́ńbà kan ni mò ń gbọ́. Mọ́kànlá, mọ́kànlá. Kí ni mọ́kànlá?"

"Nọ́ńbà mi ni, Màmá. Ní pápá ọkọ̀."

"Ta ni ò jẹun lọ́wọ́ rẹ mọ́?"

Oníbúrẹ́dì ronú kan ọkọ rẹ̀. Ẹkún ló bá a dáhùn.

"Wọ́n fẹ́ gba ọ̀nà lójú rẹ," ni agbẹ̀bí náà wí. "Tí wọ́n bá gbà á, wàá máa rí ènìyàn, wàá máa rí ilé, ṣùgbọ́n o ò ní lè ti yàrá dé bálùwẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan mú ẹ lọ́wọ́. Títí láé ni o. Má lọ síbi ìdíje yẹn."

"Màmá, èmi ni mò ń ṣáájú. Máàkì kan péré ni mo fi ju ọkọ mi lọ. Tí n ò bá lọ, òun ló máa gba ife."

Àgbàlagbà náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì ò gbádùn," ló wí, ó sì dìde lọ tú àpótí rẹ̀.

Òwú funfun kan ló so mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì. Ó ta á ní kókó mẹ́ta, ó sì ń sọ nǹkan sínú kókó kọ̀ọ̀kan. "Láti ìsinsìnyí, má bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ jáde sí i títí oòrùn á fi wọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Tó o bá lè pa ẹnu mọ́, kò ní lè kàn ẹ́. Tó o bá la ẹnu, òwú lásán ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ."

*

Ẹ fojú inú wo ilé tí ọkọ kò ti jẹun, tí ìyàwó kò sì fọhùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n jókòó kojú ara wọn. Búrẹ́dì wà láàárín wọn. Ọkọ ń wo búrẹ́dì, ìyàwó ń wo ọkọ.

"Ṣé o ti yẹ atẹ́gùn táyà wò?" ni Onígíláàsì béèrè.

Kò dáhùn.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà dìde, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga láti so bàtà rẹ̀, ọkùnrin náà sì rí òwú funfun. Kò dúró parí tíì tó ń mu. Nígbà tó fi máa di wákàtí kan sígbà náà, ó ti wà lọ́dọ̀ Bàbá Aláago, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ti lọ gba tiẹ̀, sà! Òwú funfun ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

"Kókó mélòó ni wọ́n ta?"

"Mo rí mẹ́ta."

"Ẹni tó so ó mọ iṣẹ́." Bàbá Aláago gba nǹkan oníawọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú òwú dúdú rẹ̀, ó da ẹ̀tù kan sí i tí òórùn rẹ̀ mú omi jáde lójú Onígíláàsì, ó sì dì í padà. Ó ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Òwú yẹn ò ní lè dá a dúró pẹ́. Ìwọ ṣáà rí i pé nọ́ńbà mọ́kànlá wà lára ilẹ̀kùn."

"Èmi náà máa jókòó sínú ọkọ̀ yẹn o, sà."

"Nígbà tí nọ́ńbà tìẹ bá wà níbẹ̀, ó ń sùn ni. Kò mọ ojú èèyàn. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀."

*

Lọ́jọ́ ìdíje, oòrùn mú gan-an, síbẹ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀ pupa náà ń ṣú láti inú bí ìgbà tí èèyàn ń mí sí i. Onígíláàsì nù ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún ṣú, bẹ́ẹ̀ nǹkan oníawọ náà ṣì wà nílẹ̀ nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo awakọ̀ ló máa ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á ti yà. Onígíláàsì rin níwájú, ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó jìnnà sí i bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ ti jà, àbí? Ife yìí máa tú yín ká o!"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kálukú máa wa ọkọ̀, èyí tó bá yá jù ni wọ́n á kà; ọkọ á wà á, ìyàwó á wà á, ọkọ á tún wà á, ìyàwó á kẹ́yìn. Ní ẹ̀ẹ̀kìíní, Onígíláàsì lo ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànléláàádọ́ta. Oníbúrẹ́dì lo àádọ́ta. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un, ọkọ rẹ̀ sì wo ilẹ̀.

Àwọn méjèèjì ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta wá. Ẹni tó bá ń bọ́ sílẹ̀ ló ń yí nọ́ńbà padà fún ẹni tó ń wọlé, á wá gbá òrùlé ọkọ̀, á ní, "Ó ti yí!" Èkejì kì í yẹ̀ ẹ́ wò, kì í tiẹ̀ ronú kàn án. Lọ́jọ́ yìí, bí Oníbúrẹ́dì ṣe bọ́ sílẹ̀ tó na ọwọ́ sí nọ́ńbà, ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì lé e kúrò bí ẹni ń lé adìyẹ. Kò fẹ́ kó wà nítòsí. Obìnrin náà wò ó, ó lọ síbi àgbá omi.

Onígíláàsì fi áńkáṣíìfù wé ọwọ́, ó yọ nǹkan oníawọ náà jáde nínú àpò irinṣẹ́. Ó ti rò ó dáadáa: tó bá dìgbà tó wa ti ìkẹyìn rẹ̀ tán, wọ́n lè máa wo òun, nítorí náà ìsinsìnyí ló máa gbé e sábẹ́ àga. Òtútù rẹ̀ la áńkáṣíìfù kọjá, ó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dé egungun. Ó tì í wọlé sábẹ́ àga. Ẹni tó ń ju àsíá kígbe láti ìlà, "Ọkọ̀ pupa! Ẹ̀yin là ń dúró dè!" Ó fa àga sẹ́yìn, ó fò wọlé, ó dé akoto, ó so bẹ́líìtì. Ó wa ọkọ̀ lọ sórí ìlà. Kò wo ilẹ̀kùn.

*

Ife omi wà lẹ́nu Oníbúrẹ́dì nígbà tó rí i. Nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn ń wò ó padà. Mọ́kànlá.

Ọkọ rẹ̀ ló jókòó sẹ́yìn nọ́ńbà náà.

N ò ní purọ́ fún yín, ó dákẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà tó tó kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó rántí orí búrẹ́dì nínú garawa. Ó rántí pé bí òun bá pa ẹnu mọ́, ọ̀nà á wà lójú òun, ife á sì wọ ilé òun. Òun náà fẹ́ ife yẹn, ó fẹ́ ẹ bí ebi. Inú bí i sí ara rẹ̀, ó ju ife omi nù, ó sáré.

"Nọ́ńbà! Ẹ wo nọ́ńbà! Ẹ má lọ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ!"

Ó gbọ́ tí nǹkan dún pá lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Òwú funfun náà ti já sílẹ̀.

*

Onígíláàsì gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì. Ó rí ìyàwó rẹ̀ nínú díńgí, tó ń ju apá méjèèjì, tó ń sáré bọ̀. Látọjọ́bọ̀ kò bá òun sọ̀rọ̀, ìgbà tí òun fẹ́ gba ife ló wá mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo.

"Ẹ̀rù ló ń bà á," ni Onígíláàsì wí sínú akoto rẹ̀. "Ó fẹ́ da ọkàn mi rú."

Àsíá wálẹ̀. Ó tẹ iná mọ́ ọn.

Kò wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀nà náà là níwájú rẹ̀ kedere, kóònù kọ̀ọ̀kan ń dúró sí ibi tó fẹ́ kó dúró sí. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, táyà ń ké, kò kan ohunkóhun. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó yí kóònù tó jìnnà jù ló ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ibi tó bá ti kọjá kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ wà, kóònù wà, àmọ́ ọ̀nà tó gbà wá ti ká ara rẹ̀ jọ bí ẹní. Òtútù kan gun ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àga. Ó rò pé kí òun tẹ bíréèkì. Ó rò nípa ife. Kò tẹ̀ ẹ́.

Ó kọjá ìlà ìparí, ó sì dúró. Ọ̀nà tó wà níwájú náà ti ká jọ.

*

"Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínláàádọ́ta!" Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń hó. "Kò sẹ́ni tó sá irú ẹ̀ rí ní pápá yìí! Nọ́ńbà mọ́kànlá! Oníbúrẹ́dì ti gba ife o!"

Nígbà tí Oníbúrẹ́dì fi máa dé ibẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti dìde dúró. Ó bọ́ akoto sílẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́, ó ń wo ohun gbogbo. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò mọ ibi tó máa gbé e lé, ó dá a padà.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" ló béèrè. "Báwo ni mo ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

Ìgbésẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wọn. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó dì í mú lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Mo ti mọ̀, mo ti mọ gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Màmá."

"Wọ́n ní ìwọ lo sá a." Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú pinpin, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà ló ń wá. "Èmi ni mo sá mẹ́tàdínláàádọ́ta. Lọ sọ fún wọn. Lọ sọ fún wọn kọ́kọ́."

"Ojú yín ńkọ́?"

"Lọ sọ fún wọn!"

Ó fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní kó má kúrò níbẹ̀. Ó sáré lọ síbi tí alága ẹgbẹ́ wà, tí ife wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Ọkọ mi ló wà á, sà. Kì í ṣe èmi. A ò yí nọ́ńbà ni."

Alága wo ìwé, ó mi orí. "Nọ́ńbà tó bá wà lára ilẹ̀kùn ló ni àkókò, Oníbúrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é látọjọ́ tó ti wà."

"Ọkọ mi ni mo ní ó wà á!"

Àwọn tó dúró yí tábìlì ká rẹ́rìn-ín tìfẹ́tìfẹ́. "Ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn ọkọ ẹ̀! Ó tún fẹ́ gbé ife fún un!" Wọ́n gbé ife náà lé e lọ́wọ́ tipátipá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà gba gbogbo pápá kan.

Onígíláàsì gbọ́ ọ láti ibi tó wà. Ìyàwó rẹ̀ yíjú padà, ó rí i tó gbọ́ ọ, ó rí i tí ojú rẹ̀ tàn. Ọkọ náà rò pé ìyàwó òun ti sọ fún wọn. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó gbé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó kẹ́yìn sí gbogbo wọn. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń lọ tààrà síbi ọgbà wáyà tó wà ní ìpẹ̀kun pápá, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.